Awò Ojú Abẹ́rẹ́

"Ẹ gbọ́ bó ṣe kà á geere!"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá láti yunifásítì náà pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo káwọ́ gbera lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹni tí wọ́n ń yìn ni ọmọ aránṣọ tó wà ní oríta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tínínrín. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń wá kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa níwèé lọ́fẹ̀ẹ́, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ni mo ń bá wọn to àga.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọ yunifásítì, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn. Òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò. Ní báyìí, bó bá délé lọ́jọ́ Jímọ̀, Abẹ́rẹ́ ni ṣáá. "Abẹ́rẹ́ ti mọ̀wé o!" "Abẹ́rẹ́ ò ríran dáadáa, a ti bá a wá awò ojú."

Ìyá mi rí bí ojú mi ṣe le. Ó rẹ́rìn-ín. "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà o."

"Ta ló ń jowú?" ni mo wí.

Nígbà tó yá, wọ́n pe àwọn òbí wá wo ohun tí ọmọ wọn ti kọ́. Abẹ́rẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi yàn pé kó ka ìtàn fún gbogbo èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ bọ́ awò rẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ bọ́jú. Mo mú un, mo tì í sábẹ́ ẹní tí àwọn ọmọdé ń jókòó lé. Mo ní tí ètò bá parí, màá dá a padà.

Wọ́n pe Abẹ́rẹ́. Ó wá awò rẹ̀ títí, kò rí i. Ó gbé ìwé sún mọ́ imú, ó tún gbé e jìnnà. "Ní ọjọ́ kan... ní ọjọ́ kan..." Ibẹ̀ ló dúró sí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, tó ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí rẹ̀, tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ń wolẹ̀.

Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Kò dùn. Mo sáré lọ síbi ẹní. Ọmọ mẹ́rin ti jókòó lé e. Awò ti fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i lọ́wọ́ mi. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni. Ẹ ò rí tèmi rò mọ́. Abẹ́rẹ́ nìkan lẹ ń rí."

Omi lé sí i lójú. "Ìyẹn, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ni Abẹ́rẹ́ ṣe fún ọ?"



Lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, mo jẹ́wọ́. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Ọmọ mi, kì í ṣe awò lo mú. Ojú ọmọ mi lo mú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí awò tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi tún bá a wá tó dé, mo máa ń lọ kàwé sétí Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ṣèèṣì fo ojú ìwé kan nínú ìtàn ajá kan.

"Àǹtí, ẹ ti fo ibì kan," ó ní. "Ajá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù ni. Báwo ló ṣe ń gbó nínú ilé?"

A bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi fi fẹ́ràn rẹ̀.

Awò tuntun dé, Abẹ́rẹ́ sì ń kàwé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú ti bàbá àtọmọ láàárín èrò, n kò lè dá a padà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rò pé ẹni tí ẹ fẹ́ràn ti gbàgbé yín, ẹ sọ fún un lójúkojú. Owú tí a bá gbé sínú, orí aláìṣẹ̀ ló máa ń já lé.