Kì Í Ṣe Ariwo Ni Bernat Ń Sá Fún

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n to àwọn ère ọdún sí oríta àdúgbò wa ní Valencia, nílẹ̀ Sípéènì, ni Bernat rí ojú ara rẹ̀. Búrẹ́dì ló ń lọ rà. Bó ṣe gbójú sókè, òun náà ló dúró láàárín oríta yẹn, ère onígi àti bébà tó ga ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Ikùn rẹ̀ ni, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rẹ̀ ni. Ère náà ń ju bẹ́ẹ̀dì arúgbó kan síta, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ère ìbọ o. Ère yẹ̀yẹ́ ni, irú èyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń bú ẹni tó bá ti sú wọn.

Ẹnì kan kígbe pé, "Bernat, ó jọ ẹ́ ju bó o ṣe jọ ara ẹ lọ!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ère náà kò sì parọ́. Bernat ló ni ilé tí Ìyá Remei ń gbé láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Nígbà tí àwọn àlejò òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tí ilé sì gbówó lórí, ó lé ìyá náà jáde nínú òtútù kó lè fi ilé náà háyà fún wọn, ó kó ẹrù rẹ̀ sí etí títì. Ní báyìí, pálọ̀ àbúrò tirẹ̀ ni Ìyá Remei ń sùn sí. Bernat a sì máa fọ́nnu pé òfin wà lẹ́yìn òun.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ère ìlú náà ni wọ́n máa ń sun lọ́jọ́ Jósẹ́fù Mímọ́ ní oṣù Kẹta, tí àjọ̀dún náà bá ń parí. Bernat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ló ti ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àmọ́ láàárọ̀ yẹn, ẹ̀rù kan mú un tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré délé, ó ní fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Empar, ariwo yìí fẹ́ pa mí. Di ẹrù, jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Ọ̀pọ̀ ará Valencia ló ń sá kúrò nílùú lásìkò yẹn, nítorí báńgà ń bú gbàmù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Empar di ẹrù. Wọ́n gba ọ̀nà òkè Teruel, wọ́n ní àwọn máa wakọ̀ títí dé etí òkun àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti yin báńgà.

Nígbà tí wọ́n gun òkè, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́.

Empar ní, "Ìdákẹ́jẹ́ yìí mà dùn o."

Bernat tún fi kún eré ọkọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Ariwo ti bo àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé. Ní báyìí ó ń gbọ́ bó ṣe ń lù kì-kì-kì.

"O ti ń sáré jù, Bernat."

"Mi ò sáré."

"Ta ló ń lé ẹ? Mo rí ère yẹn o. Àbí o rò pé ìwọ nìkan ló ń gba oríta kọjá?"

"Bébà lásán ni!" Bernat pariwo mọ́ ọn.

"Tó bá jẹ́ bébà lásán ni, kí ló dé tí o fi ń sá fún un?"

Kùrukùru ti bo ojú ọ̀nà, omi sì ti dì sórí ọ̀dà. Bernat tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà yọ̀, ó pòyì, ó sì fi orí sọ irin etí ọ̀nà. Irin náà tẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, táyà iwájú rẹ̀ kan wà lókè àfonífojì, kò kan ilẹ̀.

"Má mira," Empar sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Jọ̀ọ́, má mira."

Bernat fẹ́ gbàdúrà. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Wọ́n máa sun mí. Wọ́n máa sun mí." Ó mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá já bọ́, kì í ṣe àwọn ará àdúgbò lòun máa bá pàdé. Ọlọ́run ni.

Empar rọra rá sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Bernat tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dúró sójú ọ̀nà tán, ó mú fóònù rẹ̀ jáde.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí òkè yẹn: Batiste, tí wọ́n jọ máa ń mutí nígbà èwe, kó tó gba Jésù, kó sì lọ máa ṣe ọ̀sìn oyin níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Bernat ti ń pè é ní wèrè. Òun náà ni Bernat wá tẹ̀ láago. Batiste gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, ó kó wọn lọ sílé, ó fún wọn ní ọbẹ̀ aláyù gbígbóná. Àmọ́ Bernat fa àga rẹ̀ sẹ́yìn kúrò níwájú ààrò.

"Òtútù ò mú ẹ ni?"

"Batiste, iná yẹn ń bà mí lẹ́rù." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Batiste kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní parọ́ tù ẹ́ nínú. Ó yẹ kẹ́rù bà ẹ́. O mọ̀ pé lọ́dọọdún, àwọn èèyàn máa ń dìbò dá ère kan sí, kí wọ́n má bàa sun ún. Tí Valencia bá ní kí wọ́n dìbò lé ìwọ alára lórí lónìí, ta ló máa dìbò fún ẹ?"

"Kò sí."

"Èmi gan-an, kò dá mi lójú pé màá dìbò fún ẹ," Empar sọ.

"Ẹnì kan wà tí kò dúró de ìbò," Batiste dáhùn. "Ó rí gbogbo ohun tó o ṣe fún ìyá yẹn, síbẹ̀ Ó gba ìdájọ́ rẹ sórí ara Rẹ̀, Ó kú ikú rẹ. Jésù ni. Àmọ́ pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lórúkọ níwájú Rẹ̀. Má pè é ní òfin mọ́."

Bernat wólẹ̀. "Olúwa, èmi ni mo lé e jáde. Mo mọ̀ pé òtútù máa pa á, mo sì ṣe é. Ṣàánú mi, Jésù." Ó sunkún bí ọmọdé. Empar kúnlẹ̀ tì í, ó ní, "Èmi ni mo yan kọ́tìnì tí wọ́n fi sílé náà fún àwọn àlejò. Èmi náà, Olúwa."

Wọn kò dé òkun mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Batiste fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn padà sínú ariwo tí wọ́n sá fún. Bernat mú kọ́kọ́rọ́ dání lọ bá Ìyá Remei.

"Ìyá, mo ṣẹ̀ yín. Ilé yín rèé. Ẹ ò ní jáde níbẹ̀ mọ́ láyé yín."

Ìyá náà bi í pé, "Ṣé torí ère yẹn ni?"

"Rárá, Ìyá. Wọ́n lè sun ún. Torí Ọlọ́run ni."

"Ó dáa. Ọlọ́run lè ti dárí jì ẹ́. Èmi ṣì ń bínú. Di apá ibí yìí mú, ká gbé bẹ́ẹ̀dì mi."

Bernat gbé e. Lójú gbogbo ènìyàn ló gbé e gba oríta kọjá, báńgà ń bú lọ́tùn-ún lósì, kò sì sá.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kò sí ẹni tó gbé ère rẹ sí oríta. Bóyá ìwọ nìkan lo mọ ẹni tó ń sunkún nítorí rẹ. Ìwọ àti Ọlọ́run. O lè kó lọ sílùú mìíràn, o lè fi ariwo bo àyà rẹ, ìdákẹ́jẹ́ ń bọ̀ tí o kò ní lè bò.

Irin tó tẹ̀ ló dá ọkọ̀ Bernat dúró. Èmi kò mọ ohun tó máa dá tìrẹ dúró, ìwọ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ síbi tó o wà yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tó o mọ̀ yẹn, pè é lórúkọ fún Jésù, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.