Ẹni Tó Ta Èéfín Ìyá Rùkáyàt

Ibi tí Rùkáyàt ti ń dúró de mọ́tò ní Costain, tó ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀ jẹ́jẹ́, ló ti gbójú sókè, ló bá rí ìyá ẹ̀. Ìyá tí wọ́n ti sin lọ́dún tó kọjá! Òun ló dúró gbagidi lórí pátákó ìpolówó ńlá tó kọjú sí títì, ó gbé sítóòfù tuntun dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà gàdàgbà pé: "Èmi Bàlíkísù, lọ́dún yìí, mo ti bọ́ lọ́wọ́ èéfín. Ilé-iṣẹ́ Ó Dàbọ̀ Èéfín, Yábàá."

Ẹ gbọ́ ọ o. Obìnrin tí èéfín pa ni wọ́n ní ó ti bọ́ lọ́wọ́ èéfín.

Ẹlòmíì ì bá ti kígbe, ì bá ti káwọ́ lérí. Rùkáyàt jẹ búrẹ́dì ọwọ́ ẹ̀ tán, ó sì nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì. Látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá ẹ̀ jáde nílé ni nǹkan kan ti kú nínú ọmọ náà. Kò sunkún nígbà ìsìnkú, kò sunkún nígbà àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ń lọ sí ìsọ̀ ẹ̀ ní Ládìpọ̀, níbi tó ti ń ta iná mọ́tò, ó ń tajà, ó ń padà sílé. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, á ní àlàáfíà ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ẹ̀ ò ṣòroó sọ. Ẹ̀pà ni Bàlíkísù ń yan lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tó ń rọ sínú ìgò tà. Sítóòfù kẹrosíìnì ló ń lò. Lọ́jọ́ kan ni gbajúmọ̀ ọkùnrin kan dé, Olúwajùwọ́n lorúkọ ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní ayé ti ń gbóná jù, ó ní èéfín wà lára ohun tó ń fa ọ̀gbẹlẹ̀ àti omíyalé. Ó ní ìyá tó bá kó sítóòfù àtijọ́ sílẹ̀ á gba tuntun tí kì í rú èéfín, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìyá kó tiwọn sílẹ̀. Ó gbé tuntun lé wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ya fọ́tò wọn. Ìgbà tó yà á tán ló ní òun ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, pé gbogbo ẹ̀ á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó kó àwọn àtijọ́ sínú ọkọ̀, ó tà wọ́n fún àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò dé títí dòní. Bàlíkísù padà sórí igi àti ìyẹ̀fun pákó lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó kú.

Ohun kan ṣoṣo ni Rùkáyàt ń fẹ́ bó ṣe dúró ní Costain yẹn: kí wọ́n sọ ìyá òun kalẹ̀, kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ sì fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé irọ́ ni. Kò lọ sí Ládìpọ̀ mọ́. Yábàá ló gbà lọ.

Ọ́fíìsì náà tutù nini. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Jọmílójú ló jókòó nídìí kọ̀ǹpútà.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ìyá tó wà lórí pátákó yín, mo fẹ́ rí wọn."

"Màmá Bàlíkísù! Ẹ má wulẹ̀ dààmú, Màmá yẹn ń gbádùn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo sítóòfù wọn. Ọ̀gá wa lọ kí wọn lóṣù tó kọjá."

"Níbo?"

"Nílé wọn ni."

"Wọ́n dáhùn?"

Jọmílójú yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó ń wá orúkọ náà. Rùkáyàt ti yíjú sí tábìlì onígíláàsì tó wà láàárín ilé. Sítóòfù kan wà lórí ẹ̀ tó ń dán gbinrin. Ó gbé e, ó dojú ẹ̀ dé, ó wo ìdí ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú ilé èrò ẹ mọ ìdí ẹ̀. Nílé tí obìnrin bá pọ̀ sí, abọ́ kì í lọ síbi ìnáwó kó bọ̀ láìní àmì. Obìnrin tó bá ra ìkòkò lónìí, kó tó gbé e kaná, á ti mú kútẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kun èékánná, á ti fi sàmì sídìí ẹ̀. Bí Olúwajùwọ́n ṣe gbé sítóòfù lé àwọn ìyá lọ́wọ́, tó ń ro ẹjọ́ ayé gbígbóná, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá ń dọ́gbọ́n sàmì sábẹ́ ohun ìní wọn. Ọkùnrin tí kò fọ abọ́ rí, ibo ni yóò ti mọ̀ pé abọ́ nídìí? Ìdí sítóòfù náà kún fọ́fọ́: pupa, búlúù, wúrà, àgbélébùú, òṣùpá, ìlà, àmì lórí àmì. Àmì àwọn ìyá ibòmíì náà wà níbẹ̀, ti Múṣin, ti Ìjọ́rà. Sítóòfù kan ṣoṣo ló yí gbogbo ilé ká. Láàárín àwọn àmì náà ni Rùkáyàt ti rí ẹsẹ̀ adìẹ pupa kan, àmì ìyá ẹ̀.

"Ta nìyẹn? Gbé e sílẹ̀!" Olúwajùwọ́n ti yọ látinú yàrá ẹ̀.

"Ta ló ni àmì yìí?"

"Àmì wo?"

"Ìyá mi ló ni ín."

Ọkùnrin náà wo ojú ẹ̀. Rùkáyàt jọ ìyá ẹ̀ bí ìmumu. Ojú Olúwajùwọ́n yí padà. Ó já sítóòfù náà gbà, ó súnmọ́ ọn létí, ó ní, "Bó o bá sọ ọ́ síta, wàá bá ìyá ẹ lọ." Ló bá bọ́ síta, ó kó sínú jíìpù ẹ̀, ó fi ẹ̀yìn gbá géètì, ó yí i po, ó fi iwájú ha ògiri. Gíláàsì iná ọ̀tún ẹ̀ fọ́ yángá, ó sá lọ.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Inspẹ́kítọ̀ Ọládèjì fara lélẹ̀ sórí àga, ó ń yán.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Èéfín ìyá mi."

"Èéfín?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé èéfín la máa wá fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́?"

Jọmílójú tó tẹ̀ lé Rùkáyàt wá ló dá a lóhùn. Ojú ẹ̀ ti pọ́n. "Ọ̀gá, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì kan lókè òkun ló ń sanwó fún wa. Iná gáàsì wọn ń jó tọ̀sán-tòru níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ìjọba wọn ní kí wọ́n dín èéfín kù. Dípò kí wọ́n pa iná tiwọn, wọ́n ń ra èéfín táwọn ìyá wa ò rú mọ́. Ìyá kan, ìwé-ẹ̀rí kan tí wọ́n ń fi han ìjọba wọn."

"Bí sítóòfù ò bá wá sí ńkọ́?"

"A jẹ́ pé tiwọn ń rú, tiwa náà ń rú. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó wà lórí pátákó yẹn, Ọ̀gá. Mi ò mọ̀ pé Màmá yẹn ti kú."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ọládèjì. "Ẹ wá sítóòfù yẹn wá fún mi. Bó bá ti jù ú sínú ọ̀sà, ọ̀rọ̀ lásán la ní lọ́wọ́."

Rùkáyàt padà sí Ládìpọ̀. Iná jíìpù irú ti Olúwajùwọ́n kì í wọ́pọ̀, ó sì mọ gbogbo ẹni tó ń tà á. Ó rán ohùn sí wọn lórí fóònù: ẹni tó bá wá iná ọ̀tún jíìpù dúdú báyìí báyìí, kí wọ́n má jẹ́ kó lọ. Ó tún jókòó, ó ń nu ọjà ẹ̀. Ìbẹ̀rù ò bà á, inú ò bí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Àkàngbé, aládùúgbò ẹ̀ lọ́jà, pè é. "Rùká, ẹni ẹ ti dé o. Mo sọ fún un pé iná ń bọ̀ láti ilé ìkẹ́rù. Yára!"

Ó dé ibẹ̀, ojú wọn pàdé. Olúwajùwọ́n gbá fóònù já bọ́ lọ́wọ́ Àkàngbé, ó sá gba àárín àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò kalẹ̀, ó fo gọ́tà, ó fẹ́ já sójú títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló dí i lọ́nà. "Olè!" ni ẹnìkan kígbe, ọjà bá dà. Kí ẹ tó pajú pẹ́, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀, táyà ti dé ọrùn ẹ̀, ẹnìkan ti ń bèèrè pẹtiróòlù.

"Ẹ yọ ọ́," Rùkáyàt wí.

"Àǹtí, ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Mo ní ẹ yọ táyà yẹn. Ẹnu ẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ eérú ẹ̀." Kò pariwo. Bóyá ìyẹn gan-an ló bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n yọ ọ́.

Nígbà tí Ọládèjì dé, tó ṣí búùtù jíìpù náà, sítóòfù wà níbẹ̀, tí wọ́n wé sínú aṣọ ìnura. Olúwajùwọ́n ò lè jù ú nù. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé e lọ, kó lọ fi ya fọ́tò àwọn ìyá mìíràn. Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó rí ọ̀fìn.

Ní àgọ́, àwọn ìyá kún yàrá. Ìyá Haleemah, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí ti Bàlíkísù, ló kọ́kọ́ nàka sídìí sítóòfù: "Òṣùpá wúrà yẹn, tèmi ni." Ẹlòmíì ní tòun ni àgbélébùú. Wọ́n ń nàka lọ bẹ́ẹ̀.

"Sítóòfù mélòó lo pín?" Ọládèjì bi Olúwajùwọ́n.

"Ó pọ̀, Ọ̀gá."

"Mélòó?"

Ó sọ orí kodò. "Eléyìí nìkan ni."

"Àwọn elépo yẹn ò béèrè?"

"Fọ́tò ni wọ́n ń béèrè. Wọn ò béèrè sítóòfù rí."

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn elépo sọ lọ́jọ́ kejì nínú ìwé ìròyìn: wọ́n ní wọ́n lu àwọn náà ní jìbìtì ni. Iná gáàsì wọn ò tíì kú.

Rùkáyàt súnmọ́ tábìlì. "Nígbà tí ìyá mi ń pè ẹ́, kí lo ń sọ?"

"Pé... lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"O mọ̀ pé wọ́n ti kú?"

"Mo mọ̀."

"Nínú gbogbo àwọn ìyá yìí, kí ló dé tó o fi mú ìyá mi lọ sórí pátákó?"

Ọládèjì fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Gbogbo àwọn yòókù ló ń pè mí, wọ́n ń yọ mí lẹ́nu," ni Olúwajùwọ́n wí. "Òkú kì í pe fóònù."

Nǹkan kan já ní àyà Rùkáyàt, ó dùn ún, ó dùn ún dọ́kàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá, ó bú sẹ́kún, ó ń ké "Ìyá mi o!" bí ẹni pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n kú. Ìyá Haleemah jókòó tì í, ó fà á mọ́ra. "Sun ún, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tá a ti ń retí ẹ."

Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ta jíìpù náà, kí wọ́n fi ra sítóòfù fún àwọn ìyá. Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù, Ìyá Haleemah ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ya ìwé pátákó Costain sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń kán. Rùkáyàt dúró títí wọ́n fi yà á tán, tó fi ku irin nìkan. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò Ládìpọ̀ dé, ó sì wọ̀ ọ́.