Àjọ Ilé Ìwòsàn

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Màmá Ọláyẹmí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ìgándò. Ìdájí ló ti jáde lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìyá Fàthíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìdíátù, aládùúgbò rẹ̀ tí yàrá wọn kọjú síra, ń já ẹ̀fọ́ lórí àpótí. Ó dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú àárẹ̀ o. Ṣé ẹ rí dókítà?"

"Mo rí i, ọpẹ́ ni. Ìdíátù, bí èèyàn ṣe pọ̀ níbẹ̀, àfi bí ẹni pé gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ló ń ṣàìsàn. Dókítà kan ṣoṣo! Ojú ọmọ náà ti pọ́n, ó rẹ̀ ẹ́ ju èmi aláìsàn lọ. Bó ṣe ń yẹ̀ mí wò ni mò ń gbàdúrà fún un."

Ìyá Fàthíà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin gan-an ni dókítà nígbà náà."

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, jàre. Bu omi fún mi."

Tẹ́lẹ̀, wọn kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìlera ìjọba kan wà lẹ́yìn ọjà, dókítà kan sì wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà tútù tó mọ orúkọ àwọn ìyá àdúgbò. Ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà náà ni gbogbo èèyàn ti ń sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Màmá Ọláyẹmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Fàthíà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, ní in pẹ̀lú. Ní kẹ́míìsì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún un, tí wọ́n sì ní kó tètè lọ rí dókítà. Kò tíì lọ. Bó bá ti sọ́ọ̀bù pa fún odidi ọjọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ á yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá dá àjọ tuntun sílẹ̀.

"Ìdíátù, kí ló dé tí àwa méjèèjì á fi máa lọ to ìlà kan náà? Ṣebí à ń dá àjọ nínú ilé yìí, tí kálukú ń kó o bó bá kàn án? Jẹ́ ká fi ilé ìwòsàn dá àjọ. Èmi ti lọ lóṣù yìí, ìwọ á lọ lóṣù tó ń bọ̀. Oògùn tí ẹnì kan bá gbà bọ̀, a ó pín in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni tìrẹ."

"Háà, Màmá! Ọgbọ́n tíṣà rèé. Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

Màmá ṣí páálí oògùn, ó pín in sí méjì lọ́gbọọgba. Inú rẹ̀ dùn. Ó dà bí ẹni pé ó bu oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa, ó sì kọ orin ìyìn sùn. Láràárọ̀ ló ń ké láti ojú fèrèsé pé, "Ìdíátù, ṣé o ti lo tiwa?"

"Mo ti lò ó, Màmá!"

Kò pẹ́ tí Ìyá Fàthíà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní eruku ọyẹ́ ni. Nígbà tó yá, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè bó bá gbé omi. Màmá gbọ́ ọ.

"Má fi oògùn sílẹ̀ o," ni Màmá wí. "Ara rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n ni."

Ní ọ̀sán Jímọ̀, Ṣàfíù, ọkọ Ìyá Fàthíà, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ti mọ́sálásí bọ̀, ó yà sí sọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ níwájú ilé. Igbe Ṣàfíù ni Màmá gbọ́ láti inú yàrá. Ó fa báàgì rẹ̀ yọ, ó sáré jáde láìwé gèlè.

Ìyá Fàthíà bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. "Mà... mi ò..." Ọ̀rọ̀ kò tẹnu rẹ̀ jáde tán.

Èrò pé lé wọn lórí. Ẹnì kan ní kí wọ́n fún un ní epo mu. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n da omi lé e lórí. Goodluck, télọ̀ tí sọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìtòsí, ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé ìlera ẹ̀yìn ọjà," ni Goodluck wí.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ni Ṣàfíù pariwo. "Dókítà ò sí níbẹ̀ mọ́! Ilé ìwòsàn ńlá ni!"

Màmá wo ètè ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti ń dúdú. "Ṣàfíù, ọmọ mi, kò ní lè dúró dé ibẹ̀. Gbé e. Ìtòsí là ń lọ."

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìlera náà. Kò béèrè káàdì. Ó gbé Ìyá Fàthíà jókòó dáadáa, ó fi ìbòmú kan bo imú àti ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan sì ń sọ oògùn di ìkùukùu tó ń fà símú. Pẹ̀lú ọwọ́ kejì, ó ti pe dókítà ilé ìlera mìíràn lórí fóònù.

"Ṣé ó ní ikọ́ fée, àsímà?"

"Ó ní in ní kékeré, ní Ògbómọ̀ṣọ́," ni Ṣàfíù dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti fi í sílẹ̀."

Gbogbo bí wọ́n ṣe jọ ń gbé yìí, Màmá kò gbọ́ ọ rí. Kò sì béèrè.

"Oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́?"

Ṣàfíù ò mọ̀. Ká ní Màmá dákẹ́, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú páálí oògùn jáde.

"Oògùn mi ni. Èmi ni mo fún un. Dókítà kankan kò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn." Nọ́ọ̀sì gba páálí náà, ó ka orúkọ oògùn fún dókítà, ó sì ń ṣe ohun tí dókítà ń sọ fún un.

Màmá fà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Olúwa, má jẹ́ kó ti ọwọ́ mi kú," ni àdúrà tó ń gbà. Kò rí òmíràn gbà.

Díẹ̀díẹ̀, fèrè inú àyà náà rọlẹ̀. Èjìká náà sinmi. Ìyá Fàthíà la ojú, ó wò yíká, ó gbé ìbòmú kúrò díẹ̀.

"Màmá... ẹ ò wé gèlè."

Màmá bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ yìí! Mí, má sọ̀rọ̀!"

"Àlùhàmúdùlíláì," ni Ṣàfíù wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Màmá ló ṣe "Àmín" tó ròkè jù.

Nígbà tí ara rọ gbogbo wọn, Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùnmí fa àga jókòó.

"Oríṣiríṣi ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Eléyìí bá ara Màmá mu. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọ̀nà èémí ẹni tó ní ikọ́ fée há. Ohun tí dókítà máa ń béèrè kó tó kọ oògùn nìyẹn, ẹlòmíràn ò sì lè bá yín dáhùn rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wá síbí?"

"Wọ́n ní dókítà ti lọ," ni Ṣàfíù wí, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó lọ lóòótọ́. Àwa ò lọ. Àràárọ̀ là ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru níbí. Dókítà ilé ìlera mìíràn ń wá bá wa lọ́jọ́rú, a sì ń pè é bí nǹkan bá le. Ẹni tí agbára wa ò bá ká, a ó kọ lẹ́tà fún un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí gbogbo yín bá kó ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà lọ síbẹ̀, ìgbà wo ni dókítà kan ṣoṣo yẹn fẹ́ ráyè fún ẹni tó ń kú lọ?" Ó nawọ́ sí Màmá. "Ẹ mú apá yín wá, Màmá."

Ó wọ̀n ọ́n, ó sì mi orí. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn tó pín sí méjì kò tó òun náà.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń pàdánù," ni nọ́ọ̀sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Wọ́n fi lẹ́tà gbé Ìyá Fàthíà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n lè ṣọ́ ọ mọ́jú. Ó padà wálé pẹ̀lú oògùn tó bá ara tirẹ̀ mu, àti oògùn tí yóò máa fà sẹ́nu bí àyà rẹ̀ bá fẹ́ há. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, òun àti Màmá jọ rìn lọ sí ilé ìlera ẹ̀yìn ọjà. Kálukú wọlé fúnra rẹ̀. Wọ́n ti parí kí àwọn télọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá òwú.

Ẹ̀yin ará wa, òótọ́ ni pé dókítà ti dín kù, ìlà sì gùn. Ẹ má torí ẹ̀ lo oògùn tí wọ́n kọ fún ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ àìsàn kan náà ló ń ṣe yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló fún yín. Ẹ lọ sí ilé ìlera tó sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti ọjọ́ tí dókítà ń dé. Ẹ sọ gbogbo àìsàn tó ti ṣe yín rí, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé ó ti lọ. Ẹ lo oògùn yín pé, ẹ má sì dá a dúró láìbéèrè. Bí èémí bá há ẹnì kan, ẹ gbé e lọ síbi tó sún mọ́ jù, kẹ́ ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tó lò.

Bí ẹ bá fẹ́ ran aládùúgbò yín lọ́wọ́, ẹ bá a ṣọ́ sọ́ọ̀bù rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè lọ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí inú rere wa pa ẹni tí a fẹ́ràn.