Ọkùnrin Tí Kò Mọ Orúkọ Ọmọ-Ọmọ Rẹ̀

Àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ kan wà tí ọtí kì í rùn lẹ́nu wọn. Wọn kì í jalè, wọn kì í sùn sí ilé obìnrin mìíràn. Aṣọ funfun wọn kì í ní àbàwọ́n. Irú wọn ló ṣòro jù láti gbà là, nítorí wọn kò gbà pé omi ti mù wọ́n dé ọrùn.

Ọlájídé ará Lálùpọn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun ló ni ẹbu gàrí kan lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí ẹ̀rọ ń rin ín, tí wọ́n sì ń yan án. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà. Bó bá gba àdúrà, àwọn ọmọdé á ti sùn kó tó ṣe àmín. Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn tó wà nínú ìjọ. Tirẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Olúwaṣìkẹ́mi, lóyún ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tó ṣì ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ń gun ọ̀kadà. Kí ikùn tó yọ, òun àti ọ̀kadà rẹ̀ ti wábi gbà.

Ọlájídé kò na ọmọ rẹ̀, kò sì lé e jáde. Ó máa ń sọ èyí fún àwọn ènìyàn bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ohun tó ṣe burú ju pàṣán lọ.

Nígbà tí ìkókó náà pé ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń gbé omi àti oyin àti iyọ̀ kalẹ̀ láti sọ ọmọ lórúkọ, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ó ránṣẹ́ sí olùṣọ́-àgùntàn pé: "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọmọ tí kò ní bàbá, orúkọ wo ló fẹ́ jẹ́?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sí ẹbu.

Láti ọjọ́ náà, "nǹkan yìí" ló ń pe ọmọ náà. "Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò lójú ọ̀nà." "Ẹ ò rí i pé nǹkan yìí ń sunkún?"

Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ yìí. Kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ti bá a sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro wá. A ń wẹ̀ ẹ́, a ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà á gbé e sókè, á máa kì í, á máa fi orúkọ àwọn tó ti kú kí wọ́n tó kọ́ ilé náà pè é. Ọmọ náà kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ inú ọmọ ènìyàn.

Ọlájídé mọ èyí dáadáa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Ìyànà Ọ̀fà ní ọmọbìnrin kan, Olúwanífẹ́mi, tí wọ́n bí lọ́dún kan náà. Bí wọ́n bá gbé Nífẹ́mi wá, bàbá àgbà á gbé e lé itan, á máa kì í ní Àbẹ̀kẹ́ títí òógùn á fi bò ó. Ọmọ Ṣìkẹ́mi á dúró ti òpó ilẹ̀kùn, á máa wò wọ́n. Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ wọn, ó gbé ọwọ́ kékeré lé orúnkún bàbá àgbà. Ọlájídé mú ọwọ́ náà kúrò bí ẹni ń ṣa kòkòrò kúrò lára aṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun ló darí àdúrà nínú ìjọ.

Ní ti Ṣìkẹ́mi, má tètè yìn ín. Ọmọdé tó gbé ọmọdé dání ni. Láti òwúrọ̀ ló ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní ẹbu bàbá rẹ̀, ó sì máa ń fi ògbólógbòó ìró so ọmọ mọ́ òpó kó má baà dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ọmọ bá sunkún, á gbá a létí. Bó bá gbá a létí tán, òun náà á sunkún. Nígbà mìíràn ó máa ń dá orin sílẹ̀ fún un bó ti ń bó ẹ̀gẹ́ lọ.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Bàbá rẹ̀ á wí. "Ṣé ó ń dá ọ lóhùn ni? Ẹ̀gẹ́ ni kó o bá sọ̀rọ̀, òun ló ń bọ́ ọ."

Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi á pa ẹnu mọ́. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá jáde nìkan ló tún máa ń rọra pàtẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀, tó sì máa ń kọrin sí i létí.

Ọmọ náà di ọmọ ọdún méjì ààbọ̀. Nífẹ́mi ti ń bá adìyẹ jà, ó ti ń bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Ọmọ Ṣìkẹ́mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún ìyá rẹ̀ pé: "Etí rẹ̀ gbọ́ràn, ara rẹ̀ sì le. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ nílé, ẹ máa bá a ṣeré. Ọ̀rọ̀ kì í dá hù lẹ́nu ọmọ bí koríko."

Nígbà tí Ọlájídé gbọ́, ó yọ ṣùtì. "Ìyẹn ni wọ́n ń san owó oṣù fún nọ́ọ̀sì láti sọ? Ẹ̀mí odi ló wà lára ọmọ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un."

Ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúmúyìwá náà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá tà ní ẹbu náà. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ lọ.

"Ẹ̀mí wo?" Múyìwá bèèrè. "Jídé, kò sí ẹ̀mí kankan lẹ́nu ọmọ yẹn. Ìwọ lo dí i."

"Èmi?"

"Ọdún méjì ààbọ̀. Kí lo ti bá a sọ rí, yàtọ̀ sí 'kúrò níbẹ̀'?"

"Ẹ̀gẹ́ lo wá tà ni, àbí ìwàásù?"

"Mo kó méjèèjì wá. Ẹ̀gẹ́ nìkan ni wàá rà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gan ọmọ kékeré kò tíì mọ Jésù, bó ti wù kó pẹ́ tó ní ìjókòó iwájú."

Ọlájídé rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó tọ́ ọmọ tirẹ̀ yege ni kó wá kọ́ mi."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé Múyìwá ti sin ọmọ rẹ̀ obìnrin kan. Ojú ọgbẹ́ ni Ọlájídé ti ìka bọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Múyìwá kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ńlá kan wá kó gàrí. Ọwọ́ gbogbo ènìyàn dí. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi bojú wẹ̀yìn lọ́sàn-án, ìró wà lára òpó. Ọmọ kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ẹbu náà, kòtò jíjìn kan wà níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí. Ewúrẹ́ tó jìn sínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ti kú kí wọ́n tó rí okùn. Wọ́n ti sọ fún Ọlájídé pé kó bò ó. Ó ní ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oko ẹ̀gẹ́ tó ga ju ènìyàn lọ ló yí kòtò náà ká.

Ṣìkẹ́mi figbe ta. Àwọn obìnrin ju asẹ́ sílẹ̀. Sàníù, awakọ̀ tó wá kó gàrí, bẹ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀.

"Bàbá, kí lorúkọ ọmọ náà, ká máa pè é?"

Ọlájídé la ẹnu.

"Orúkọ rẹ̀, Bàbá!"

"Ó... ọmọ kékeré kan ni. Ọkùnrin ni."

Sàníù wò ó lókè wò ó nílẹ̀. "Sùbúhánalláhì! Ẹ̀yin lẹ bí ìyá rẹ̀, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀? Àgbò tí mo so mọ́lẹ̀ nílé gan-an lórúkọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ànúolúwapọ̀ ni," Ṣìkẹ́mi wí láti ẹ̀yìn. "Ànú ni mò ń pè é." Òun nìkan ló sọ ọ́ lórúkọ, nínú yàrá tí wọ́n tì, pẹ̀lú ìwọ̀nba omi àti iyọ̀ díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá rẹ̀ máa gbọ́ ọ.

Wọ́n fọ́n ká. Ọlájídé wọ inú oko, ó fi ohùn tó ń mi ilé ìsìn ké pé: "Ànúolúwapọ̀!" Kò sí ìdáhùn. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta, nítòsí kòtò. Ewé ẹ̀gẹ́ mì. Ó rí ọmọ náà tó lóṣòó sí etí kòtò gan-an. Ọmọ náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ó gbọ́ ohùn náà dáadáa. Nítorí pé ó gbọ́ ọ ló ṣe fara pamọ́.

"Wá síbí!"

Ọmọ náà dìde, ó fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn. Ọlájídé gbé ẹsẹ̀ kan. Ọmọ náà tún sún sẹ́yìn. Ògúlùtu kan yẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó já sínú omi, ó sì ró.

Nígbà náà ni ó tó yé ọkùnrin náà. Wòlíì kankan kò rí i sí i. Òun ni ọmọ náà ń sá fún. Ikú tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn ju ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀ lọ.

Ṣìkẹ́mi dé. Kò pariwo.

"Bàbá, ẹ dákẹ́. Ẹ má rìn."

"Ṣé kí n..."

"Ẹ dọ̀bálẹ̀. Kó má rí yín."

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń pàṣẹ fún alàgbà. Alàgbà sì dọ̀bálẹ̀. Ó dojú bo ẹrẹ̀ kíkan tó ń ṣàn láti ẹbu rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ àti fìlà. Ṣìkẹ́mi lóṣòó, ó pàtẹ́wọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó ń kọrin tí etí tirẹ̀ àti ti ọmọ nìkan mọ̀. Ọmọ náà wò ó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó fò mọ́ ọn.

Ọlájídé kò dìde. Wọ́n rò pé ó ti dákú. Ó ń sunkún sínú ẹrẹ̀ ni, ó ń wí pé: "Olúwa, mo ti ń pa á kó tó dé ibí yìí."

Múyìwá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ó yà síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó bá a lórí òkúta lẹ́yìn ẹbu, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

"Múyìwá, ṣé Ọlọ́run lè dárí irú èyí ji ènìyàn?"

Múyìwá jókòó tì í.

"Nígbà tí Bùnmi mi lóyún, mo lé e jáde. Ó kú nínú yàrá àyágbé kan ní Ajíbọ́dẹ, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ ni mò ń tọ́. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ níwájú Jésù pé mi ò tọ́ ọmọ, pé mo pa ọmọ ni, ọjọ́ yẹn ló gbà mí. Kì í gba alàgbà, Jídé. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ lórí igi àgbélébùú tó tèmi. Ó tó tìrẹ."

Wọ́n kúnlẹ̀ níbẹ̀. Àdúrà Ọlájídé kò gùn lọ́jọ́ náà. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí." Òun ni àdúrà àkọ́kọ́ tó gbà ní ọgọ́ta ọdún tó fi wà láyé.

Ó lọ bẹ ọmọ rẹ̀. Ṣìkẹ́mi tẹ́tí títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní: "Mo ti gbọ́, Bàbá." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá rẹ̀ kò sì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Má retí kí n sọ fún ọ pé ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì. Wọ́n bo kòtò. Wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ níwájú ìjọ fún ọmọ tó ti ń sáré, àwọn kan sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi padà sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá àgbà ló ń dúró ti ọmọ títí ìyá rẹ̀ á fi dé. Ó ń lóṣòó kó má baà ga ju ọmọ náà lọ. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ òjò, ó ń kì í ní Àjàní láti òkèèrè. Ọmọ náà á sá lọ bá ìyá àgbà. Oṣù méjì kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gba àgbàdo sísun lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ọlájídé na ọwọ́ láti gbé e. Ọmọ náà wò ó lójú, ó sì wí ketekete pé: "Rárá."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ fún un láyé nìyẹn. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ̀ fún nílé rẹ̀ rí sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún "rárá" náà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta ni ò ń pè ní "nǹkan yìí" nílé rẹ? O ń gbé orin sókè ní ìjọ, ọmọ kan sì ń fara pamọ́ nígbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Aṣọ funfun rẹ kò tan Ọlọ́run jẹ rí. Olúwa tó gbé àwọn ọmọ kékeré mọ́ra ń wo ọwọ́ tí o fi ń taari wọn.

Ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún tó sì sá, má fi Ọlájídé rẹ́rìn-ín. Òun ṣì wà nílé. Ìwọ dà?

Ìwọ ọmọbìnrin tó di ìyá kó o tó dàgbà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ, Jésù sì mọ̀ ọ́n, ó sì kú fún un. Tọ̀ ọ́ wá. Má jẹ́ kí ẹ̀gàn ènìyàn pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu lórí ọmọ rẹ.

Ronú pìwà dà lónìí. Má dúró de ọjọ́ Ìsinmi, má dúró de ìsọjí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, sọ ohun tí o ṣe fún Jésù láìbò ó, gbà á ní Olúwa. Lẹ́yìn náà dìde, wá ẹni tí o gàn lọ. Ọmọ náà ń dàgbà lójoojúmọ́ pẹ̀lú ohun tí o ń ṣe sí i, kò sì lè dúró dè ọ́.