Dígí Aláwọ̀ Ìyeyè àti Aṣọ Àyìnrín

Ní ìdoríkodò ni Olúsọjí kọ́kọ́ rí Àkànkẹ́. Ó ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tí àwọn onífótò fi ń bo kámẹ́rà, ó ń wá ibi tí òrùlé páànù tuntun ti ṣọ́ọ̀ṣì Ìkọ̀lé yóò ti hàn dáadáa, àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe rìn wọ inú dígí náà. Gbogbo ohun tó bá wọ inú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní í dorí kodò. Ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yìí wà lókè, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, sánmà sì tẹ́ sábẹ́ gèlè rẹ̀ bí ẹní. Ó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì já bọ́.

Olúsọjí gbàgbé òrùlé. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bá a pa á dé.

“Ìwọ tó fi aṣọ borí lọ́sàn-án gangan yìí,” ohùn kan wí níta, “ṣé òtútù ń mú ọ ni, àbí ìwọ lo jí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wá?”

Ó yọrí. Ọmọbìnrin náà ti wálẹ̀ láti sánmà, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìró, bùbá àti gèlè rẹ̀, aṣọ kan náà ni: kíjìpá àyìnrín, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, tí ìlà funfun tín-ín-rín sì là á já. Òun ló pa òwú rẹ̀ láró, òun ló sì hun ún.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà yín ní fótò,” ni Olúsọjí wí.

“Ẹ̀yin kẹ̀? Èmi nìkan ni mo dúró síbí o.”

“Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ sánmà tí kò já bọ́, ẹ̀yin là á pè é.”

Kò gbà á gbọ́, ni Olúsọjí bá ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Àkànkẹ́ ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú. Ló bá figbe ta: “Yéè! Ùlú Ìkọ̀lé ti dojú dé! Àwọn ènìyàn ń rìn, wọn éè já bọ́!” Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ń dán, kò sì lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, onífótò tó yẹ kó padà sí Ìdó, ìlú rẹ̀, kò rí mọ́tò wọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé mọ́tò kò sí. Ìfẹ́ ló so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí òfì Àkànkẹ́, ó sì ti di ẹni tó ń fún un ní òwú.

Ó yà á ní fótò, ó sì fọ̀ ọ́ jáde ní ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìdó, kó lè mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ṣaya. Èkejì ló gbé fún Ògúnjọbí, baba Àkànkẹ́, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ògúnjọbí wo fótò náà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Fẹ́yìsetán,” ló wí. “Aya mi rè é.”

Àkànkẹ́ sún mọ́ ọn, ó wò ó. Àyìnrín rẹ̀ ti pòórá. Kò sí ìlà kan lára aṣọ náà mọ́; ó funfun láti gèlè dé ẹsẹ̀. Fẹ́yìsetán ni ìyá rẹ̀ tó ti kú, tó fi ojú jọ; olórìṣà ni. Òrìṣà-ńlá ló sìn, aṣọ funfun ló wọ̀ láyé, òun náà ni wọ́n fi sin ín. Ó wá dúró sínú bébà yìí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí odò dé. Ẹ̀rù ba ọmọ, ìfẹ́ sì bò ó mọ́lẹ̀. Baba gbé fótò náà wọlé, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

Ní Ìdó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Olúsọjí, Màmá Felicia, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ. Bí ó ṣe rí funfun náà, ó sọ fótò sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

“Ìyàwó Òrìṣà-ńlá lọmọ mi fẹ́ fẹ́! Éè ní wọ ulé mi.”

Olúsọjí sáré wá ṣàlàyé. “Màámi, àyìnrín ni aṣọ náà. Fíìmù ni kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí funfun.”

“Ẹ̀rọ òyìnbó kò mọ aṣọ tí afọ́jú Ìdó lè fọwọ́ mọ̀? Lọ jókòó.”

Olúsọjí padà sí Ìkọ̀lé pẹ̀lú ìtìjú. Àkànkẹ́ gbọ́ ọ, ó ju ọ̀kọ̀ òfì tó fi ń ta òwú sílẹ̀.

“Ṣé ojú kámẹ́rà rẹ ló fọ́, tí wọ́n fi kọ̀ mí?”

“Kò fọ́. Ó fẹ́ràn àyìnrín jù ni. Bó bá ti rí i, ojú rẹ̀ á kún, kò ní rí nǹkan mìíràn mọ́.”

“Mo mọ ẹnì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Àkànkẹ́ wí, inú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

Olúsọjí wá tú àpò awọ kékeré kan. Dígí aláwọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gbòmìnira lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́: ọ̀kan pupa bí osùn, ọ̀kan bí ewé, ọ̀kan bí ìyeyè tó pọ́n. Iwájú ojú kámẹ́rà ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Ó kọ́kọ́ mú aláwọ̀ osùn, nítorí ó rò pé èyí tó le jù ni yóò ṣiṣẹ́ jù. Ó fọ fíìmù náà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Fíìmù ọwọ́ rẹ̀ kì í rí pupa rárá. Aláwọ̀ ewé mú ìlà aṣọ jáde díẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá ku aláwọ̀ ìyeyè.

“Èyí ló ń dá àyìnrín dúró lẹ́nu ọ̀nà,” ló ṣàlàyé. “Ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀. O ní láti dúró jẹ́ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, bí mo ṣe pe ‘Àkànkẹ́’ tán ni mo ti pa ojú kámẹ́rà dé. Lónìí n ó ní láti fi ‘olólùfẹ́ mi’ kún un, kí ojú rẹ̀ lè pẹ́ ní ṣíṣí.”

“Onífótò, ṣé dígí ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?”

“Dígí ni. Má rẹ́rìn-ín.”

Ó pè é. Àkànkẹ́ dúró bí ère, omijé sì lé sí i lójú, nítorí kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí fótò náà gbẹ, gbogbo agbo ilé jáde wá wò ó. Ìlà aṣọ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ohun tó yà wọ́n lẹ́nu jù wà lókè orí ọmọbìnrin náà. Sánmà tó ṣófo nínú fótò àkọ́kọ́ ti kún fún ìkùukùu tó gorí ara wọn lọ rẹrẹẹrẹ. Àgbàlagbà kan ṣí fìlà. “Ó mú ọ̀run wálẹ̀,” ló wí.

Nígbà tí Olúsọjí mú un dé Ìdó, Màmá Felicia gbé fótò méjèèjì sórí itan.

“Dígí kékeré ló yí aṣọ padà? A jẹ́ pé òmíràn lè sọ ọ́ di pupa lọ́la. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ìròyìn ò tó àfojúbà.”

Ó wé gèlè, ó wọ mọ́tò, ó di Ìkọ̀lé.

Àkànkẹ́ wà nídìí òfì nígbà tí wọ́n dé. Ó kúnlẹ̀. Màmá kò tíì dáhùn tó fi fọwọ́ kan ìró rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Àyìnrín ni lóòótọ́.

“Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ mi éè purọ́.”

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Wọ́n wọlé kí baba, Màmá sì rí fótò àkọ́kọ́ lára ògiri.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé èyí tó purọ́ kọ́?”

Ojú Olúsọjí ń bẹ Àkànkẹ́ pé kó dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ọkọ ti dọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ó lè pàdánù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó wo baba rẹ̀.

“Éè purọ́, Màmá. Yèyé mi nìyẹn. Olórìṣà ni. Bí bàbá mi bá jí, òun ló ń kọ́kọ́ kí. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní torí ọkọ sẹ́ ìyá mi.”

Màmá Felicia sún mọ́ ògiri. Ó dúró níwájú obìnrin aláṣọ funfun náà, ó fi ìka tọ ìlà ojú rẹ̀.

“Ìyá tèmi náà,” ló wí, kò yíjú padà, “funfun ni wọ́n fi sin ín, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó yà á ní fótò. Mo ti gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí.”

Ògúnjọbí dìde, ó fa àga fún un. Ó jókòó, ó nu ojú.

“Àkànkẹ́.”

“Màmá.”

“Hun ìró kan fún mi. Àyìnrín bíi tìrẹ. Òun ni n ó ró wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín,” ni Àkànkẹ́ wí. Ó na ọwọ́ méjèèjì yí ìbàdí màmá náà ká, kò sì tètè tú u sílẹ̀.