Ibi Tí Máabọ̀ Ń Sùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Ẹ má rò pé àlá ni, ẹ má sì rò pé ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Wẹ́dà ni mí. Irin ni mo fi gbogbo ayé mi jó, irin kì í sì í purọ́: bó bá lẹ̀, ó lẹ̀; bí kò bá lẹ̀, kò lẹ̀. N kì í bá ènìyàn jiyàn lórí ohun tí mi ò bá fọwọ́ kàn. Èyí ni mo fọwọ́ kàn.

Igando là ń gbé, ní òpópónà kan tí wọn ò tíì da ọ̀dà sí. Èmi àti ìyàwó mi, Sìdíkátù, nìkan ló kù nílé. Bàrákàt, ọmọbìnrin wa, ti lọ sílé ọkọ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Wàsíù, ọmọkùnrin wa, èmi ni mo lé e.

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọdún kẹrin rèé. Mo ní kó wá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Ó ní iná wẹ́dà ń ba ojú òun jẹ́, òun fẹ́ lọ ṣe bíríkìlà. Ọmọ tèmi, bíríkìlà. Mo sọ̀rọ̀, òun náà fèsì, ọ̀rọ̀ di ariwo. Mo ní tó bá fi lè jáde ní géètì yẹn, kó má padà mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde, kò sì padà. Mo fi àgádágodo ti yàrá rẹ̀, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò mi. Mo tún kìlọ̀ fún àdúgbò pé kí wọ́n yé pè mí ní Bàbá Wàsíù, Bàbá Bàrákàt ni kí wọ́n máa pè mí. Gbogbo wọn gbà. Ìyàwó mi nìkan ni kò gbà. Ó ní òun ò lè máa jẹ́ Ìyá Wàsíù kí ọkọ òun máa jẹ́ bàbá ẹlòmíì.

Nínú oṣù keje yìí, àwọn olè bẹ̀rẹ̀ sí í fo fẹ́ǹsì ní òpópónà wa. Aládùúgbò wa kan wà, Tíṣà Julius, ọmọ Èkìtì, tó ń palẹ̀ mọ́ láti kó lọ sí Àgbàdo. Ajá rẹ̀ bímọ, ó sì fún ìyàwó mi ní ẹyọ kan tó kù. Nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo bá a nínú páálí. Ó dúdú, àyà rẹ̀ funfun, kò tóbi ju bàtà mi lọ.

"Ta ló ni èyí?"

"Tiwa ni. Á máa ṣọ́lé."

"Ìyá Wàsíù, máláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà."

"Kò ní wọlé. Ẹ wá ibi tí á máa sùn níta."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kò wo ojú mi. "Máabọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ilé wí, tí kò sì fẹ́ ìjà, á sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, á máa fi ohùn òkè pè é. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń fi ajá yìí bá wí. Mo ní, "Ajá tó yẹ kó lé olè lo wá sọ ní Máabọ̀. Àwọn olè á rò pé àwọn là ń pè." Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó mi ò bá rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ nìyẹn.

Alẹ́ àkọ́kọ́, a gbé e sí kíṣíìnì ẹ̀yìnkùlé. Mo tẹ́ àpò ìrẹsì fún un, mo ti ilẹ̀kùn pákó. Ó ké. Ó ké títí àwọn jẹnẹrétọ̀ àdúgbò fi kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Kò dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ti rẹ̀. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹnìkan gbé e.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo lọ wò ó. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Àpò wà nílẹ̀. Ajá kò sí.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé etí lé ilẹ̀kùn Wàsíù.

"Ẹ wá gbọ́."

Mo gbọ́. Èémí kékeré. Ìró ìrù tó rọra ń lu nǹkan.

Mo tú kọ́kọ́rọ́ lára ṣòkòtò. Àgádágodo yẹn ti dípẹtà, àfi ìgbà tí mo fi epo sí i kó tó ṣí. Máabọ̀ wà lórí fóòmù, nísàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń wà. Ó ká jọ. Eruku ọdún mẹ́rin bo ilẹ̀ yàrá, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan lójú rẹ̀, ìbáà ṣe ti ajá, ìbáà ṣe ti ènìyàn. Mo fọwọ́ kan fóòmù náà. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Mo rò pé ibi tí ajá sùn sí nìkan ni. Mo fọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ sókè, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́ dé ìdí ìrọ̀rí.

"Kí lẹ rí?" ìyàwó mi bi mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Mi ò rí nǹkan kan."

Irọ́ ni mo pa.

Tíṣà Julius wá wo yàrá náà lọ́sàn-án. Ó wo àjà, ó mi irin ojú fèrèsé. Èmi ni mo jó irin yẹn, ọmọ ológbò ò lè gba àárín rẹ̀.

"Bàbá, bóyá ẹ ò ti kíṣíìnì dáadáa."

"Ká ní mi ò ti kíṣíìnì, ta ló wá ti yàrá?"

Ó ní ẹrù òun ò tíì dì tán, ó sì lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi okùn so ajá náà mọ́ òpó fàráǹdà. Òjò rọ̀ mọ́jú, irú òjò Igando tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní ìdájí, okùn wà lára òpó, kókó rẹ̀ ò tú. Ajá wà nínú yàrá Wàsíù tí mo ti tún tì pa. Ara rẹ̀ gbẹ. Yẹ̀pẹ̀ pupa wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo jáde lọ wo òpópónà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹrẹ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀.

Inú bí mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni pé kí ohun tó wà níta má lè wọlé, kí ohun tó wà nínú ilé má lè jáde. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jó kéèjì. Àlàfo àárín irin kan sí èkejì kò ju ìka méjì lọ. Mo gbé ajá sínú rẹ̀, mo tì í, mo gbé kéèjì sí abẹ́ fèrèsé wa. Ní ìdájí, kéèjì wà ní títì, ó sì ṣófo. Mi ò tilẹ̀ wá a kiri. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ ṣí yàrá, mo sì bá a níbẹ̀.

"Ṣé ká dá a padà fún Tíṣà?" mo bi ìyàwó mi.

"Ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kọ́."

"Ó ń ba èmi," ló wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù burúkú."

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ. Ajá yìí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi èmi. Tí ìyàwó mi bá pè é, á kàn máa wò ó. Nítorí náà, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun mọ̀gáríbì, tó bá tó àkókò láti tì í mọ́lé, èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu géètì tí mo máa pè é. "Máabọ̀. Máabọ̀." Ọjọ́ àkọ́kọ́, ojú ń tì mí. Ọjọ́ kejì, mo kàn pè é bí ẹni ń pe ajá. Ọjọ́ kẹrin ni ohùn mi yí padà. Mi ò mọ ìgbà tó yí padà. Mo kàn rí i pé ajá ti wà lẹ́sẹ̀ mi tipẹ́, mo sì ṣì ń pè, mo kọjú sí ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìyàwó mi wá dúró lẹ́yìn mi.

"Orúkọ tí ènìyàn bá pè níwòyí," ó ní, "ẹni tó ń jẹ́ ẹ nìkan kọ́ ló ń gbọ́ ọ."

"Ajá ni mò ń pè."

"Mo gbọ́. Tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Òsì yín ti na ọmọ. Ọ̀tún dà?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, àti ti ọjọ́ kẹta, mo pè ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ keje, ní ọ̀sán gangan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Fóònù mi dún. Mi ò mọ nọ́ńbà náà.

"Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mo mọ ohùn náà. Mo ṣì béèrè. "Ta nìyẹn?"

"Wàsíù ni."

Mo jókòó sórí irin tó wà nílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì gbóná.

"Ibo lo wà?"

"Òkè Ọya ni, sà. Ibi tá a ti ń kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ra ajá nílé ni?"

"Kí ló dé tó o fi béèrè?"

"Ajá kékeré kan ń wá sùn lẹ́sẹ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́fà rèé. A máa ń ti ilẹ̀kùn, yóò ṣáà wọlé. Tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, mi ò ní rí i mọ́. Kó tó dé, mo máa ń gbọ́ ohùn yín."

"Kí ni ohùn mi ń wí?"

"Ẹ mọ ohun tó ń wí, Bàbá."

Àwọn ọkọ̀ ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

"Ṣé ó ti ọkàn yín wá?" ó bi mí.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ de ọmọ yìí. Mo wá gbogbo rẹ̀ tì.

"Ó ti ọkàn mi wá," mo ní. "Bíríkìlà náà, iṣẹ́ ni."

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Fóònù sì já. Mo pe nọ́ńbà náà padà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ohùn obìnrin inú fóònù ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́, ìyàwó mi gbọ́ ọ tán. Ó mú ìgbálẹ̀. A gbá yàrá náà, a fọ ilẹ̀ rẹ̀, a tẹ́ aṣọ tó mọ́ sórí fóòmù. Mo yọ àgádágodo, mo sì jù ú sínú ìdọ̀tí irin. Lálẹ́, mo fọwọ́ ara mi gbé ajá wọ inú ilé, mo gbé e sísàlẹ̀ fóòmù. Mo ní kí Ọlọ́run ṣàlàyé fún àwọn máláíkà. A ò ti ilẹ̀kùn.

Ní ìdájí, kò sí nínú yàrá. Kò sí ní kíṣíìnì, kò sí ní fàráǹdà, kò sí nínú kéèjì. Mo pè é títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo wọ bàtà láti lọ wá a kiri àdúgbò, ìyàwó mi sì di apá aṣọ mi mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ó lọ mú un wá ni."

Ọjọ́ kejì rèé tó ti lọ. Tíṣà Julius ní olè ló gbé ajá, ó ní òun á wá òmíràn fún wa tí òun bá ti fìdí múlẹ̀ ní Àgbàdo. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà òkè Ọya sí Igando, bí ọkọ̀ ò bá bàjẹ́, kò ju ọjọ́ kan lọ. Mi ò mọ iye tó jẹ́ fún ajá. Mo gbé àga sẹ́nu géètì, mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu, nínú òpópónà tí àwọn olè ń fo fẹ́ǹsì. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi, wọ́n sì ń wò mí lójú. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi mí bóyá mi ò ní wọlé wá sùn.

Mo ní màá sùn tí wọ́n bá dé.