Aránṣọ Tó Ń Tú Aṣọ Nítorí Kókó Abíyá

Ìwọ tí o máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó lè yí ọ lọ́kàn padà, jókòó ná. Mo mọ ẹni tó lágídí jù ọ́ lọ.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Àrà Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé aṣọ rẹ̀ máa ń bá ara mu gẹ́lẹ́ ni. Bí oníbàárà bá ní kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, á ní, "Ṣé àpò ìrẹsì lẹ fẹ́ wọ̀ ni?" Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti já òun àti ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo jù sílẹ̀ ni kò ti tẹrí ba fún ènìyàn, kò sì tẹrí ba fún Ọlọ́run pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan ní abíyá òsì. Kò dùn ún, ló bá pa á tì. Nígbà tó ń tóbi, ó tú abẹ́ apá òsì gbogbo aṣọ rẹ̀, ó fi aṣọ kún un kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó tún tú u. Aránṣọ gidi! Ó wá ń ran aṣọ bá àìsàn mu.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ká a mọ́. Ó tẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà sórí tábìlì, ó rí i pé apá òsì fẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ran irú èyí. Kí lẹ ń bò?"

"Gbájú mọ́ áyọ́ọ̀nù rẹ!"

"N ò gbájú mọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n rí i."

Ó rí i, ó ní ilé ìwòsàn yá, òun á sì bá a gbàdúrà sí Jésù. Àrà Ọ̀tọ̀ fa ìbínú yọ.

"N ò lọ! Má sì fi Jésù rẹ yọ mí lẹ́nu. Ọwọ́ mi yìí ló ń bọ́ mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe fún ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá ti ń dàgbà, ẹ óò wá àyè fún un. Jésù kú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ ń bò yẹn. Ẹ lé mi bó bá wù yín, n ò ní dákẹ́."

Ó sì lé e lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó fẹ́ wọn èjìká ọmọ rẹ̀. Apá òsì tirẹ̀ kọ̀, kò ṣeé gbé sókè. Ọmọ náà ti ń rí i bó ṣe ń tú aṣọ. Ó kúnlẹ̀. "Màámi, ó tó gẹ́ẹ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn." Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. Ó rí ọmọ aláìníyàá níwájú rẹ̀ kedere. Ó fi tépù sílẹ̀, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mú mi lọ."

Dókítà ní kókó abíyá lè jẹ́ eéwo, pàápàá lẹ́yìn tí a bá fá irun ibẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rá lásán, tàbí kí ara máa bá àrùn kan jà. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tó bá le, tó ń tóbi, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ibà, rírù tàbí àyípadà ọmú bá bá a wá, kí a tètè gbé e wá. "Pé kò dùn yín kò ní kó má léwu."

Wọ́n bù lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Lórí bẹ́ǹṣì, kó tó gbọ́ èsì, Àrà Ọ̀tọ̀ sunkún. "Olúwa, mo ti bá ọ jà tó. Agbéraga ni mí. Gbà mí." Ọlọ́run gbà á níbẹ̀.

Èsì dé: jẹjẹrẹ ọmú tó ti ràn dé abíyá ni. Ìtọ́jú rẹ̀ yóò pẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ṣeé tọ́jú. Ó gba ìwé náà, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo oníjàgídíjàgan. "Ìwọ kọ́ lo ni mí," ló wí, ó sì béèrè ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Òǹkàwé, má wulẹ̀ wo ẹ̀yìn, ìwọ ni mò ń bá wí. Bí kókó bá wà lára rẹ, lọ fi hàn dókítà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí o ń bò mọ́lẹ̀ ńkọ́? Jésù ti rí i, kò sì sá fún ọ. Má sọ pé ó di ọ̀la. Níbi tí o wà yẹn, kí o tó ká ìwé yìí pọ̀, sọ fún un pé, "Gbà mí."